Àjàgbé Onílùú Méjì

Ìlú méjì ló ń pe Àjàgbé lọ́mọ. Ìlawẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wá, òfin ibẹ̀ sì ni pé ìlú bàbá ni ìlú ọmọ, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Òkèṣú ni ìyá rẹ̀ bí i sí, òfin tiwọn sì ni pé ibi tí wọ́n bá ri ìwọ́ ọmọ mọ́ ló ni ín. Ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn lé ìwọ́ rẹ̀ lórí ṣì wà níbẹ̀. Àbàtà ńlá kan ló la ìlú méjèèjì láàárín. Àjàgbé ń jọdún níhìn-ín, ó ń jọdún lọ́hùn-ún. Ta ni irú rẹ̀ kò ní wù?

Nígbà tí ìròyìn àwọn akónilẹ́rú kàn, ìlú méjèèjì ní kí onílùú méjì mú ọ̀kan kí wọ́n tó ti ẹnubodè. Òkèṣú ní kí ó lọ da àwo oúnjẹ rẹ̀ dojú dé níwájú àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìlawẹ̀. Ìlawẹ̀ ní kí ó lọ gé ọ̀pẹ rẹ̀ ní Òkèṣú. Èyí tó bá ṣe ni yóò fi kọ ìlú ibẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Àṣàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan," Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ọmọ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹni tó ní aṣọ méjì máa ń sọ ọ̀kan nù ni? Màá ṣe tibí, màá ṣe tọ̀hún. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn la ó wọ̀."

Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Ní òwúrọ̀, ó da àwo dé ní Ìlawẹ̀. Kí oòrùn tó kàn án látàrí, ó ti gé ọ̀pẹ ní Òkèṣú.

"Ọ̀pẹ rẹ ti wó," ni àwọn ará Òkèṣú wí. "A ò mọ̀ ọ́ mọ́."

Ó sáré gbé imọ̀ ọ̀pẹ náà lọ sí Ìlawẹ̀, tòun tìyàwó tọmọ. Olórí ẹbí rẹ̀ dá a lóhùn láti orí odi pé, "Àwo rẹ ti dojú dé, Àjàgbé. Ìwọ fúnra rẹ lo ní o kì í ṣe tiwa."

"Ẹ gba ọmọ nìkan, bàbá!" ni Àjàgbé bẹ̀ ẹ́.

"Ìlú wo ni ọmọ ní tí bàbá rẹ̀ ò ní?"

Ìkà ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Eruku ẹṣin àwọn akónilẹ́rú ti ń sọ lókèèrè. Wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n kó sínú àbàtà, ibi tí ẹṣin kò lè gbà. Àwẹ̀ró ń fa ẹsẹ̀ kan, ó ń gbé e síwájú kí ó tó fa èkejì. Ẹ̀rù ti gba ọkàn Àjàgbé ní tirẹ̀. Ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún, ó sì fẹ́ fò yọ.

"Bàbá Àṣàbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Ó tu ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dojú bo ẹrẹ̀. Wọ́n ń wò ó láti orí odi méjèèjì bó ṣe ń rì. Kò sí ẹni tó ju okùn sí i, nítorí kò sí ìlú tó ni ín. Àwẹ̀ró la àbàtà já tòun tọmọ, kò sì wọ ìkankan nínú ìlú méjèèjì mọ́ títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbi kan bọ́ sí ibòmíràn pé: ọ̀kọ̀ọ̀kan là á yọ ẹsẹ̀ lábàtà.