Ẹní Tuntun ní Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ọdún kẹta rèé tí Lámìdí ti wà látìmọ́lé láìfojú kan ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ tí Adájọ́ Fátùyì, ìyá àgbàlagbà kan, máa wá bẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, àwọn wọ́dà sáré tẹ́ ẹní tuntun sí yàrá tí Lámìdí àtàwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù wà.

"Ara gbogbo wọn le, Olúwa mi," ni ọ̀gá wọ́dà wí.

Ìyá fọwọ́ pa ẹní náà. Kò tíì sẹ́ni tó sùn lé e rí.

"Mo ti gbọ́ tẹnu yín, ọ̀gá. Ẹ dúró dè mí níta. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni."

Ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lámìdí. "Ó kan tìrẹ, ọmọ mi."

"Kòkó oko bàbá mi ni mò ń já, mà, tí wọ́n fi mú mi lólè."

Ìyá béèrè fáìlì rẹ̀. Kò sí fáìlì. Ó pàṣẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lámìdí ò sùn lórí ẹní tuntun náà. Ilé ìyá tó bí i ló sùn lọ́jọ́ náà.