Òkété Tó Jókòó Lé Èéfín Mọ́lẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò yà síbì kankan. Ẹsẹ̀ àpáta kan ló sọ̀ sí, ó bá Òkété níbẹ̀ tó jókòó lé ẹnu ihò. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ihò náà.

Ní ìgbà kan rí, omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta nínú igbó. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹranko ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná á dúró lábẹ́ rẹ̀, ara á sì tù ú. Òkété ló ń gbàlejò níbẹ̀, ó ń sun iṣu fún wọn. Àlejò kọ̀ọ̀kan á gbé iṣu méjì wá. Òkété á sun ọ̀kan fún un, á sì gbé ọ̀kan sínú àká ara rẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí iná bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àká rẹ̀ á ṣe máa kún sí i? Ló bá dáná yí omi ká. Iná níbí, iná lọ́hùn-ún.

Èéfín gòkè, kò lọ. Ó dúró sórí igbó náà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá fi aṣọ tó nípọn bo ọmọ tí ibà ń ṣe? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló bo ilẹ̀. Ooru ò ríbi jáde. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, nígbà tó sì rọ̀, kò tó nǹkan. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ wá tín-ín-rín bí òwú.

Ìyá Ìgbín ló kọ́kọ́ ké. Ìdí omi náà ló ń gbé, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rin. Ilẹ̀ gbẹ, ọmọ rẹ̀ gbẹ mọ́ inú ìkarahun. Ó wọ́ lọ bá Erin tó jẹ́ olórí wọn.

"Bàbá, ẹ wo ọmọ mi. Mo mi ìkarahun rẹ̀, ó ń dún bí ṣẹ́rẹ́."

Erin wò ó. Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Láti òní lọ, iná kan ṣoṣo la ó máa dá níbí. Gbogbo àlejò ni yóò jọ jẹun nídìí rẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ pa iná náà. Òkété, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Àní ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Ó délé, ó ní kí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ. Wọ́n gbẹ́lẹ̀. Ta ló mọ ilẹ̀ gbẹ́ bí Òkété? Ó fi iná kan ṣoṣo sílẹ̀ lókè fún ojú Erin, ó kó gbogbo ìyókù lọ sínú ihò.

"Baálé mi," Àwẹ̀ró ní, "èéfín ńkọ́? Ibo ni yóò gbà?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ni yóò máa gbé. Bí Erin ò bá rí i, ta ni yóò mú mi?"

"Àwa tá a wà níbẹ̀ ń rí i."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Sun iṣu."

Ẹ̀yin tí bàbá yín ń ṣọdẹ mọ̀ pé ihò òkété máa ń ní ẹnu méjì. Wọ́n ń gba ọ̀kan wọlé. Èkejì wà lẹ́yìn, fún ọjọ́ ìdààmú. Ẹnu ẹ̀yìn yìí ni èéfín ń gbà yọ. Òkété rí i. Ó po amọ̀, ó dí i pa.

Ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ iṣu tuntun, àlejò ya dé. Àwẹ̀ró àtàwọn ọmọ wà nísàlẹ̀ nídìí iná, ojú wọn pọ́n. Òkété ń gba iṣu lẹ́nu ihò, ó ń gbé e fún àlejò. Àfi gbì, gbì, ẹsẹ̀ Erin! Òkété fa òkúta pẹlẹbẹ bo ẹnu ihò, ó jókòó lé e. Ìkánjú ò jẹ́ kó ráyè fa ìrù rẹ̀ jáde.

Erin fa imú. "Òkété, o káre. Afẹ́fẹ́ ibí ti ń dáa." Ó fìdí kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ẹ sì mọ àwa àgbà, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán lẹ́nu wa.

Orin bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òkúta. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, dìde — Kíńrin-kin
Èéfín kúnlé — Kíńrin-kin
Ọmọ ò lè mí — Kíńrin-kin
Òkété, dìde — Kíńrin-kin

Wuruwuru ló dún sí Erin létí. "Kí ló ń dún yẹn?"

"Àwọn ọmọ mi ni, Bàbá. Wọ́n ń ṣeré."

Ìyá Ìgbín fi ikùn lélẹ̀. "Òkété, nǹkan ń lu ilẹ̀ yìí látìsàlẹ̀. Èyí kì í ṣe eré. Dìde ká wò ó."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀fọ̀ ọmọ yín ló ń dà yín láàmú."

Bó bá dìde, àṣírí tú. Bó bá jókòó… Ó mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ó mọ̀. Ó jókòó.

Orin náà ń rẹlẹ̀. Ohùn ọmọ kan yọ kúrò nínú rẹ̀, òmíràn yọ. Ó ku ti Àwẹ̀ró nìkan. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Iná ló gbé Òkété dìde, kì í ṣe àánú. Ó ti jó dé ìrù rẹ̀. Ó fò sókè, ó kígbe, òkúta ṣí, èéfín dúdú tú jáde bo gbogbo wọn. Erin ki ọwọ́jà rẹ̀ bọ ihò. Ó fa Àwẹ̀ró jáde, ó ṣì ń mí. Ó fa àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mí. Ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun ọmọ Ìgbín.

Kò sẹ́ni tó na Òkété. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ nà? Àwẹ̀ró kàn wò ó, ó ní, "Iṣu rẹ ti jinná." Ó kọjá lọ, kò padà wá mọ́.

Wọ́n pa gbogbo iná. Omi ò padà lọ́dún náà. Kò padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó.

Òun ló fà á tí ìrù òkété fi funfun lápá ìparí, bí igi tó jó di eérú. Ọdẹ kan sì wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, ó rí gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ti ń fín èéfín sínú ihò òkété. Òkété fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e ka iwájú yín: tí wọ́n bá ní ká dín iná kù, ẹ dín in kù ní tòótọ́. Ẹ má gbé e pamọ́. Ibi tí ẹ bá gbé e pamọ́ sí, ọmọ yín ló ń sùn níbẹ̀.

Ó yá, ẹni tó fi iná sílẹ̀ nídìí aàrò, kó lọ pa á.