Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Pa Tí Kò Kú

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ní kọ̀ǹpútà kan nílé. Oyèkúnlé, jókòó dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lo bá wá, mo sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O ní o ti pa ìjà náà tì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ti olùkọ́ yìí fún ọ ná, má sì dá mi lóhùn títí n ó fi dákẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pa dé bí ìwé tí wọ́n ń gbé sínú báàgì. Ti àtijọ́ ni. Dígí rẹ̀ dá dúró lórí tábìlì, àpótí rẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rà á fún un. Ọmọ yìí kan náà ló gbé sólà sórí òrùlé wọn pẹ̀lú bátìrì ńlá méjì, kí bàbá má baà máa ráhùn iná mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni olùkọ́ yìí fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wọn sílẹ̀: ta ló bí ta, ibo ni wọ́n ti ṣí wá, ojúlé wo ni kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ojúlé wo. Nínú gbogbo ẹbí, ẹnì kan péré ló kù tó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni, ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Wọ́n lọ gbé ìyá wá láti Ìrágbìjí. Ìyá á jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ, olùkọ́ á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá kò gbà. Ó ní, "Gbé e kúrò níwájú mi. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú kì í ṣe orin." Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Wàhálà rẹ̀ wá nìyí. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí, kí ni kí ó ṣe sí kọ̀ǹpútà? Ṣé kí ó pa á ni, àbí kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ó bi àna rẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo. Àna ní, "Bàbá, ẹ má máa pa á, ẹ má máa tàn án, ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ìyẹn kì í jẹ́ kó pẹ́." Olùkọ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Bàbá Àrìnpé, ẹ̀rọ yín ń jẹ bátìrì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná tó kù kò gbé ju ẹ̀rọ yín lọ, fíríìjì ti kú, ẹja mi ti ń rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á." Olùkọ́ pa á. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní bí wọ́n tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, wáyà tí wọn kò bá yọ lára ògiri lè dáná sun ilé, ó sáré lọ sílé lọ yọ ọ́ lára ògiri. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe olùkọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ta ní í pa kọ̀ǹpútà? Ó tún lọ tàn án.

Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ó ń gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Á pa á, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á padà, á tún tàn án. Ìyàwó á bi í pé kí ló ṣe é. Á ní, "Ẹ ti da orí mi rú nínú ilé yìí."

Lọ́jọ́ kan, ó ń fi aṣọ nu eruku lójú dígí náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnì kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Pẹ́ẹ́, dígí ṣókùnkùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ padà wá, ní ibi tó ti dá a dúró gan-an, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù. Ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀. "Wá wò ó! Ó kú! Wò ó, ó jí!" Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣé o rí i? Tẹ́lẹ̀, nígbà tó ń pa á bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi í bóyá kí òun fi iṣẹ́ náà pamọ́, á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti rí bọ́tìnì yìí, kọ̀ǹpútà kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀rọ náà ti gbọ́n. Bí àna bá pè é láti Òṣogbo tó bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń pa á?" á ní, "Mò ń pa á, ṣùgbọ́n mi ò pa á púpọ̀." Àna kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó rò pé àwàdà ni. Ìyàwó ní tirẹ̀ rí i pé fíríìjì ṣì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní bátìrì ti gbó ni. Ìyá àgbà nìkan ló bèèrè pé kí ló ń kùn lábẹ́ tábìlì. Olùkọ́ ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ìyá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ tí ìyá pe orúkọ ìkẹyìn, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ó tán. Mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́. Ara mi ti fúyẹ́." Wọ́n gbé e padà sílé. Olùkọ́ tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó lọ jẹun.

Òjò dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, oòrùn kò yọjú. Bátìrì méjèèjì gbẹ tán, ohun gbogbo nínú ilé kú. Nígbà tí oòrùn padà yọ, olùkọ́ tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà kò jí. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn ún. Ó ránṣẹ́ pe àna. Àna dé, ó tan àpótí tó wà nílẹ̀, ó wá iṣẹ́ náà. Ojú ewé mẹ́rin ló bá, ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ pa á kẹ́yìn?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń pa á!"

"Ẹ pa á kí n rí i."

Olùkọ́ tẹ bọ́tìnì. Àna tẹ̀ ba nísàlẹ̀ tábìlì, ó fa ọwọ́ àna rẹ̀ àgbà, ó gbé e lé àpótí náà. Ó gbóná, ó sì ń gbọ̀n. "Ojú rẹ̀ lẹ̀ ń pa, bàbá. Inú rẹ̀ kò kú rí."

Olùkọ́ di orí mú. "Mo pa á, kò kú. Mi ò pa á, ó kú. Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n máa pa á ni, àbí kí n má pa á?"

Àna dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ jẹun ni, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ní fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì, ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ pa á láti inú, ẹ dúró títí ẹ kò fi ní gbọ́ kíkùn rẹ̀ mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan ló ti da odidi àgbàlagbà rú láti ọjọ́ yìí wá.

Olùkọ́ ra ìwé àti báírò, ó gba Ìrágbìjí lọ. Inú ìyá dùn láti rí i. Ó tijú títí kó tó lè sọ ọ́. "Ìyá, ẹ bá mi tún ìtàn yẹn sọ." Ìyá bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọmọ ṣe bàbá, ó fi ìyàwó àkọ́fẹ́ sí ojúlé tí kò dé rí. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìgbà kẹta, ó gbójú sókè wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti ń dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣebí ọwọ́ rẹ ló wà báyìí? Ìwọ sọ ọ́, kí n gbọ́."

Olùkọ́ gbé báírò lé orí ìwé tó ṣófo. Ó sunkún lójú ìyá.

Ó tán, Oyèkúnlé. O lè sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé rẹ ni, ohun tí àna yẹn wí ni kí o ṣe, èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo mọ̀. O ní o ti pa á tì. Òótọ́ ni pé o ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ń rẹ́rìn-ín sí i, o sì jẹ ìrẹsì rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti jókòó síbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti sọ ohun tó wí fún ọ lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá yín, tí o ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ta lò ń tàn jẹ? O ti bi ìyàwó rẹ, ó ní kí o fi í sílẹ̀, o fi í sílẹ̀. O bi ọ̀rẹ́ rẹ, ó ní kí o lọ bá a, o múra. Lónìí, ó kàn mí. Bí o bá jáde níhìn-ín, wàá tún pàdé ẹlòmíràn lọ́nà.

Má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ bá a nílé rẹ̀, kí o sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, kí o sì jókòó gbọ́ tirẹ̀ títí yóò fi tán nínú ẹ̀yin méjèèjì. Má ṣe é níwájú èrò, má sì rẹ́rìn-ín bí kò bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ti ń dàgbà, o rí i bó ṣe ń wo ojú èèyàn títí kí ó tó dá a mọ̀. Láyé yìí, òun nìkan ló kù tó mọ orúkọ tí ìyá yín ń pè ọ́ nígbà tí o kò tíì rìn.