Jíìpù Tíṣà Láṣebìkan

Kò sí èébú tí Tíṣà Láṣebìkan ò tíì bú jíìpù tòkunbọ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kò níí ṣíná. Bí oòrùn bá mú, á máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Nígbà tó tún wá kú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ìjọ, Tíṣà ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà á lọ bá ọkùnrin kan tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ tà.

Ọkùnrin náà gba kọ́kọ́rọ́, ó fi òòlù gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ́ńjìnnì yìí á tà. Ìjókòó ẹ̀yìn yìí, ẹ jẹ́ n fà á ya dànù."

Ara Tíṣà bù máṣọ. "Ìjókòó wo? Níbi tí ìyàwó mi bí Abíọ́nà sí, nígbà tá à ń sáré lọ sílé ìwòsàn? Gbé òòlù ẹ kúrò níbẹ̀!" Ó já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbà.

Wọn ò tíì délé tí jíìpù tún fi kú. Tíṣà bọ́ sílẹ̀, ó ń tì í, ó ń bú u.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ìdí síárìn, ẹ̀rín ń pa á. "Bàbá Abíọ́nà, ṣé ká dá a padà fún olóòlù?"

"Ọmọ ẹni kì í burú títí, ká fi fún ẹkùn pa jẹ," ni Tíṣà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Rọra wà á o, kó má wọ kòtò, kó má lọ farapa."