Èsì Àrokò Ajétúnmọbí Ọlọ́ṣẹ

Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ máa yọ ará ìlú lẹ́nu, wọ́n á rọra sọ fún un pé, "Ẹni tó bá rán àrokò, kó gbé ìkòkò kaná." Àwọn ọmọdé á wá máa wojú ara wọn. Kí ló kan ìkòkò nínú ọ̀rọ̀ àrokò? Ọkùnrin kan tó ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n ti jókòó níwájú mi rí, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìránṣẹ́ jẹun kó tó gbéra. Mo ní kó rọra. Ìránṣẹ́ wo ló ń dúró de òwe kó tó jẹun? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún yín.

Ní ìlú Odò-Ìyeyè, láyé ìgbà tí kò tíì sí lẹ́tà, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á so owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ tàbí nǹkan mìíràn mọ́ òwú, á fi rán ìránṣẹ́, ẹni tó bá gbà á á sì mọ ohun tó ń wí. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra ń sọ pé, "Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí." Àrokò kì í ṣe ohun àwàdà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lájò ni wọ́n ń fi í rán. Ìdí nìyẹn tó fi di àṣà pé ìránṣẹ́ àrokò kò gbọdọ̀ kúrò nílé ẹni láìjẹ iyán. Ẹni tó bá jẹ́ kó febi padà, ẹni tó rán an ló bú yẹn.

Ajétúnmọbí, ọkùnrin kan tó ń ta ọṣẹ ní ìlú náà, wá rò ó títí, ó rí i pé èrè wà nínú àṣà yìí. Ó bu ọṣẹ dúdú bíńtín, ó fi ewé dì í, ó so owó ẹyọ méjì kojú síra mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo agbo ilé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àyà àwọn ènìyàn já. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà lájò ti bú sẹ́kún kó tó tú òwú. Àṣé kí wọ́n wá ra ọṣẹ lásán ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gún iyán fún ìránṣẹ́, ó jẹ, ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà tún ku ọ̀la, àrokò tún dé. Ọjà tó tẹ̀lé e, bákan náà. Bí o ra ọṣẹ, àrokò á dé. Bí o kò rà á, àrokò á dé. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ọṣẹ inú àrokò ń hó bí ẹmu òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ti orí àtẹ, ẹrẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi wẹ̀ á tún wá omi mìíràn fi ṣanra. Bí wọ́n bá bi Ajétúnmọbí, á ní ṣebí wọ́n lajú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rà á.

Opó kan wà ní ìlú náà, Efúnwùmí lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú oyún àkọ́bí. Ọkọ Àwẹ̀ní ti lọ sí ìrìn àjò, Àwẹ̀ní bá wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bímọ. Iṣu tí Efúnwùmí tò sí ẹ̀yìnkùlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún ìkómọjáde, ó sì tó fún abiyamọ láti jẹ títí ara rẹ̀ yóò fi le, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀jẹ́wùmí ìránṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ló wá ń fọwọ́ kàn án. Géńdé ni, òkèlè rẹ̀ tó ìkúùkù. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé àrokò dé ni òkìtì iṣu ń lọ sílẹ̀, tí ikùn Àwẹ̀ní sì ń ga sí i.

Nígbà tó yá, Efúnwùmí ní kí ìránṣẹ́ náà lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti gbọ́, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ. Ọ̀jẹ́wùmí dorí kodò.

"Ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Wọn kì í se oúnjẹ fún àwa ìránṣẹ́ nílé mọ́. Ọ̀gá ní ìlú ló ń bọ́ wa."

Àánú rẹ̀ ṣe Efúnwùmí, inú sì bí i burúkú. Ó gba ilé Ajétúnmọbí lọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ilé òun sílẹ̀ títí Àwẹ̀ní yóò fi sọ̀kalẹ̀. Ajétúnmọbí fi ọwọ́ pa ikùn, ó rẹ́rìn-ín.

"Àṣà ìlú ni, Efúnwùmí. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ló bá kọjá sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní òun kò lè pa àṣà náà rẹ́, nítorí ọjọ́ tí ìránṣẹ́ àrokò bá ti ń febi padà, kò sí ẹni tí yóò gbé ìròyìn òtítọ́ wá sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Òótọ́ ni, Efúnwùmí sì dìde láti máa lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Baálẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni pé obì ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó ti fèsì o, nítorí a kì í gba àrokò ká má fèsì. Efúnwùmí dúró. Nígbà tó máa fi délé, ẹ̀rín ti ń pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ létí odò. Kò sí agbo ilé tí kò ní àrokò ọlọ́ṣẹ nílé tí wọn kò tíì fèsì rẹ̀.

Ìránṣẹ́ Efúnwùmí ló kọ́kọ́ dé ilé Ajétúnmọbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀. Owó ẹyọ méjì, kojú síra. Inú Ajétúnmọbí dùn pé oníbàárà ń bọ̀, ó ní kí Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ gúnyán fún àlejò. Ọkùnrin náà kò tíì fọwọ́ tán tí òmíràn fi wọlé. Ará ilé ọlọ́dẹ dé. Ará ilé aláró dé. Àwọn alágbẹ̀dẹ so tiwọn mọ́ ìyá ọlọ tó ti fọ́, géńdé mẹ́rin ló rù ú wá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló wúwo. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí bàbá, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ló ń tú òwú, gbogbo rẹ̀ sì ni ó ń sọ pé ojú bàbá ni wọ́n fẹ́ rí. Bó bá tú ọ̀kan tán, á bá ẹni tó gbé e wá jẹun, kí àlejò má baà dá jẹ.

Ajétúnmọbí bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lọ. Àgbà inú wọn fi sùúrù dáhùn pé àwọn ìbá lọ, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ kí aráyé ní bàbá bú àwọn tó rán àwọn. Ó sáré lọ bá Baálẹ̀. Baálẹ̀ fi obì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó fèsì.

"Àṣà ìlú ni, Ajétúnmọbí. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Ajétúnmọbí kò rán àrokò mọ́, ṣùgbọ́n èsì ti àtẹ̀yìnwá kò tíì tán nílẹ̀. Ọwọ́ Àyọ̀ká bó nídìí odó. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Ajétúnmọbí tún rí ọmọ ẹ̀gbọ́n Efúnwùmí lọ́ọ̀ọ́kán, òwú lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ dúró kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àyọ̀ká," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, "gbé ìkòkò kaná."

Iṣu ti ń hó lórí iná kí Ọ̀jẹ́wùmí tó tú àrokò náà. Obì àti ataare ni, òwú funfun ni wọ́n fi so ó. Ó ní kì í ṣe èsì o, Àwẹ̀ní ti bímọ, wọ́n ń kó ọmọ jáde lónìí, wọ́n ní kí bàbá wá bá wọn yọ̀. Ojú ti Ajétúnmọbí gan-an. Àyọ̀ká ní iṣu ti jinná, òun kò sì ní gún un fún ẹlòmíràn, ilé ọmọ tuntun ló ń lọ. Ni wọ́n bá gbé iyán náà lọ. Ajétúnmọbí ní kí Ọ̀jẹ́wùmí ru iṣu tẹ̀lé wọn, kó lọ tò ó padà sí ibi tó ti jẹ ẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ sì mú ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ dání.

Efúnwùmí fi ọwọ́ méjèèjì gba ọṣẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo bàbá lójú.

"Ẹ ṣeun, baba ọlọ́ṣẹ. Ṣé ti inú àrokò ni, àbí ti orí àtẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Ajétúnmọbí náà kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní ti inú àrokò ni, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jẹ́. Ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìwà dà bí àwọ̀ ara, kì í bọ́ bọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò yé yún un. Bí ọjà bá ti ku ọ̀la, á fa òwú, á ṣa owó ẹyọ. Àyọ̀ká kì í bá a jà. Láti ẹ̀yìnkùlé ni yóò ti bi í pé, "Baálé mi, ṣé kí n gbé ìkòkò kaná?" Ajétúnmọbí á rọra dá òwú padà sínú igbá. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ, wọ́n gbé e dé ọjà, ọjà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, kó rántí pé òun náà nílẹ̀kùn. Ẹni tó bá rán àrokò, kó gbé ìkòkò kaná.