Ìgbìmọ̀ Tó Yan Ìwé Ṣálángá Fún Àwọn Ọmọ Odò-Ìrà

Ènìyàn mẹ́ta ni ìlú Odò-Ìrà gbé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà àwọn ọmọ lé lọ́wọ́, ẹni tó bá sì rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mọ̀ pé ìlú tó bá fẹ́ tẹ́, kì í fi díẹ̀díẹ̀ tẹ́. Olóyè Adégòróyè ni alága. Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń wo inú ìkòkò omi olómi, tó ń wá tanwíjí. Nígbà tí ìjọba gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ohun gbogbo mìíràn. Ẹnì kejì ni Ọ̀gbẹ́ni Fámúyìwá, ọ̀gá ilé ìwé. Òun kì í ní èrò kankan títí alága yóò fi sọ tirẹ̀ tán. Ìgbà náà ni yóò wá ní in, èrò àwọn méjèèjì yóò sì jọra bí ìbejì. Ẹnì kẹta ni Bàbá Ṣóbándé. Bàbá yìí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n ó ní irùngbọ̀n funfun, ìlú sì gbà pé irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣaláì sí nínú ìgbìmọ̀.

Ohun tó bí ìgbìmọ̀ náà ni pé àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sílé pé àwọn fẹ́ ra ìwé kún kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ilé ìwé, kí àwọn ọmọ lè ní ohun tí wọn yóò máa kà yàtọ̀ sí ìwé kíláàsì. Wọ́n ní kí ará ilé yan èyí tó bá wù wọ́n. Ará ilé. Ọmọdé kì í ṣe ará ilé ni? Ó ń sùn níbẹ̀, ó ń pọnmi síbẹ̀, wọ́n ń nà án níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ká yan nǹkan, kíá ni ọmọdé ń di àlejò nínú ilé baba rẹ̀.

Àwẹ̀ró wà lára àwọn ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé, obìnrin ahunní kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní. Wọ́n ní Àwẹ̀ró kò fẹ́ràn ìwé. Lóòótọ́, bí wọ́n bá gbé ìwé kíláàsì sí i níwájú, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń kú bí iná tí epo tán nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wá pàṣẹ pé ọmọ tí kò bá lè ka odindi ojú ewé kan sétígbọ̀ọ́ òun kí ọdún tó parí, kó kúrò nílé ìwé, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìṣọ̀lá, baba Àwẹ̀ró, tó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, gbọ́ àṣẹ yìí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ní ìbátan kan ní Ìbàdàn tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tí kò bá lè kàwé, ó kéré tán, ó lè fọ abọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún Ìyá Ẹlẹ́ní, kò lè jẹun. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú ìyá Àwẹ̀ró lọ nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀rín ló rín wọ ibẹ̀, ikọ́ ló wú jáde, ikọ́ náà ni kò sì lọ títí ó fi gbé e lọ.

Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó, Tíṣà Mopélọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin tí ń kọ́ kíláàsì kẹrin, gbé àpótí kan wá. Àwọn ìwé tó yá lọ́wọ́ òǹtàwé ló wà nínú rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ lè rí nǹkan fojú wò. Ìtàn àròsọ wà níbẹ̀, nípa ọmọbìnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ lọ wá ibi tí òjò ń sùn sí. Àwọn tí kì í ṣe ìtàn náà wà níbẹ̀: ọ̀kan lórí ejò, tòun tàwòrán, ọ̀kan lórí ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Tíṣà ṣàlàyé pé ọmọ tí kì í fẹ́ kàwé kò yàtọ̀ sí ọmọ tí kì í fẹ́ jẹun, oúnjẹ rẹ̀ la ò tíì rí. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan àwọn ìwé náà, kí wọ́n wo èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Olóyè fi ìka méjì mú ìwé ìtàn náà, bí ẹni mú aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí.

"Kí lẹ ń pe irú èyí?"

"Ìtàn àròsọ ni, sà."

"Àròsọ. Ẹ gbọ́? A rò ó, a sì sọ ọ́. Ta ló rí i? Ta ni ẹlẹ́rìí? Irọ́ ni wọ́n dì pọ̀ yìí."

Ọ̀gá ilé ìwé ní irọ́ ni. Bàbá Ṣóbándé, tó sọ fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ àná pé òun fojú ara òun rí erin tó sùn sórí igi ọ̀pẹ, mi orí tìkanra-tìkanra, ó ní irọ́ kò dára. Nígbà tó kan ìwé ejò, Olóyè ní òun kò lè fi gbogbo ìgbà tí òun fi ṣiṣẹ́ ìjọba lé ejò kúrò nínú igbó ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n wá fi ìwé kó o wọ kíláàsì. Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó ní ọmọ tó bá kà á yóò di ọmọ mọ́tò.

Kí ni wọ́n wá yàn? Ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n yan ìwé lórí bí a ṣe ń gbẹ́ ṣálángá, apá kìn-ín-ní, apá kejì, àti apá kẹta. Wọ́n yan ìwé òfin ìmọ́tótó ìgboro. Wọ́n yan ìwé ìmọ̀ràn fún ọ̀dọ́, tí kò sí ọ̀dọ́ kan nínú rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Wọ́n sì yan ìwé ìwàásù ìtùnú fún àwọn opó. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkọ ta ló kú nínú wọn?

Ìwé dé láti Jọ́ọ̀sì, wọ́n tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ sì wò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ògiri. Àwọn tí wọ́n fi ipá lé e lọ́wọ́ sùn lé e lórí. Ọ̀gá ilé ìwé mú pàṣán, ó nà wọ́n. Wọ́n jí, wọ́n sunkún, wọ́n tún padà sùn. Ni àwọn àgbààgbà mẹ́ta yìí bá jókòó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. O fún ọmọ ní òkúta jẹ, ó tu ú dànù, o wá ń pariwo káàkiri àdúgbò pé ọmọ náà kò mọ oúnjẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́ní ń hun ẹní lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ rò pé àlejò ló dé. Ó yọjú. Àwẹ̀ró ni. Ó ti jẹ àkàrà tán, ó tẹ́ bébà ìròyìn tí wọ́n fi dì í sórí orúnkún, òróró ti mú bébà náà mọ́ kedere, ó sì ń ka ìròyìn òjòlá kan tó gbé òbúkọ mì tòun tìwo. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń lọ. Ibi tí àwọn ọdẹ ti yọ àdá láti la ikùn òjòlá náà ni bébà ti ya. Ọmọ náà yí i padà, kò rí ìyókù. Ló bá dìde, ó sáré padà sọ́dọ̀ alákàrà, ó ń tú bébà rẹ̀ kiri tẹkún tẹkún, ó ń wá bí ọ̀rọ̀ òbúkọ náà ṣe parí.

Ìyá Ẹlẹ́ní fi ẹní sílẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ebi ń pa nígbà tó bá rí i. Ó lọ bá Tíṣà Mopélọ́lá, ìyẹn sì rò fún un bí wọ́n ṣe yan ìwé àti bí wọ́n ṣe lé ejò jáde. Láti ibẹ̀, ó kọrí sí ilé Olóyè.

Iwájú dígí ló bá Olóyè tó ń ya irun. Irun náà funfun, ó kún dẹ́nu, ó sì la ọ̀nà sí i láti iwájú dé ìpàkọ́, ó tọ́ ju ọ̀nà tí ìjọba là wọ ìlú lọ. Ìyá Ẹlẹ́ní kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí Olóyè. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Jọ́ọ̀sì tún fẹ́ ra ìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó jọ̀ọ́, kó bi àwọn ọmọ léèrè lọ́tẹ̀ yìí, torí ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Olóyè kò yí ojú kúrò nínú dígí. "Ìyá, ẹ gbájú mọ́ ẹní yín. A kì í bi ọmọdé léèrè ohun tó yẹ orí rẹ̀. Ohun tó bá yẹ orí wọn, àwa tó mọ̀ la ó jókòó yàn án."

Ìyá Ẹlẹ́ní dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Kò bú u. Àwọn tó mọ obìnrin náà dáadáa mọ̀ pé nígbà tó bá ń bú èèyàn, ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tún jókòó pé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé ni wọ́n lò. Olóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ìwé ṣálángá apá kẹrin ti jáde ni Ìyá Ẹlẹ́ní wọlé, àwọn ìyá mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin rọ́ sí ojú fèrèsé. Múdà onígbàjámọ̀ ló kẹ́yìn, ó gbé abọ́ omi, ọṣẹ àti abẹ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dàbí ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò lè kọ̀.

"Ìpàdé là ń ṣe o, Ìyá," ni Olóyè wí.

"A mọ̀. Àwa náà ti ṣe tiwa tán."

Múdà fi ọṣẹ pa ọwọ́, ó hó. Ó rọra súnmọ́ alága. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹrí síwájú díẹ̀. Wọ́n ní kí n fá a kodoro, kí n wá dá òṣù kékeré sí ní àtàrí."

"Àwọn wo ló ní?"

"Ìgbìmọ̀ ni," Ìyá Ẹlẹ́ní dáhùn. "Àwa ìyá àtàwọn ọmọ wa la jókòó lábẹ́ àtíbàbà mi, a gbé orí yín yẹ̀ wò. Àwọn kan ní ká fá ẹ̀gbẹ́ kan, ká fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Àríyànjiyàn pọ̀. Òṣù la wá fohùn ṣọ̀kan lé lórí."

"Orí tèmi?"

"Orí tiyín. Irun yẹn ti pọ̀ jù, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ráyè wọlé."

Àwọn obìnrin fi etí gèlè bo ẹnu. Ọ̀gá ilé ìwé wo ojú alága láti mọ èrò tí òun yóò ní. Kò rí ọ̀kan níbẹ̀.

"Ẹ ò sì lè pè mí sí i?"

"Kí la fẹ́ pè yín ṣe, Olóyè? Ohun tó yẹ orí yín, ṣebí àwa la mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ni ọwọ́ Múdà, tó tutù, tó ń hó, kan Olóyè níwájú orí. Olóyè fò dìde, àga ṣubú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irun rẹ̀ mú bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ gba fìlà rẹ̀. Ó la ohùn tó dé ojú títì.

"Níbo ni wọ́n ti ń fárí lẹ́yìn olórí? Ẹ jókòó lé orí mi, ẹ pinnu lé orí mi, èmi olórí kò sì sí níbẹ̀?"

Bàbá Ṣóbándé, tó ti ń sùn láti ìgbà ìwé ṣálángá apá kẹrin, la ojú. Ó rò pé lórí ìwé ni wọ́n ṣì wà.

"Òótọ́ pọ́ńbélé ni alága sọ yẹn," ni bàbá wí, ó ń nu itọ́ lára irùngbọ̀n. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Mo fara mọ́ ọn. Kí ìgbìmọ̀ mú un bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín bú ní ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ní kò rín in. Ó súnmọ́ Olóyè títí èémí wọn fi pàdé.

"Ó dùn yín, àbí? Irun ni o, Olóyè. Irun a máa hù padà. Ọmọ tí ẹ bá fi ìwé opó lé lọ sídìí abọ́ ní Ìbàdàn, ṣé òun náà yóò hù padà? Wọ́n ti mú ọ̀kan lọ lọ́wọ́ mi rí. Kò hù."

Tíṣà Mopélọ́lá kò dúró gbàṣẹ. Ó gbé àpótí ìwé tó tún lọ yá wá lọ́wọ́ òǹtàwé sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí i, àwọn ọmọ sì wọlé bí omi tó já ògiri. Wọ́n ń jà sí ìwé ẹ́ńjìnnì, ọmọbìnrin ló sì gbà á lọ. Ọmọkùnrin kan kọjá lára àpótí, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé ìtùnú opó. Ó ní òun fẹ́ máa kà á fún ìyá òun. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìwé ejò ni Àwẹ̀ró gbé.

"Ọ̀gá, ojú ewé kan lẹ ní," Ìyá Ẹlẹ́ní wí fún Ọ̀gbẹ́ni Fámúyìwá. "Ẹ fúnra yín ṣí i síbi tó bá wù yín."

Ọ̀gá ilé ìwé ṣí i. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Ó kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ kan, ó padà, ó gbá a mú, ó ń lọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, Ọ̀gbẹ́ni Fámúyìwá sọ ọ̀rọ̀ kan láìkọ́kọ́ wo ojú alága, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ ayé rẹ̀: ó ní ó ti tó. Àwẹ̀ró kò gbọ́ ọ. Ó ti ṣí ojú ewé kejì.

Ìbátan Ìṣọ̀lá ní Ìbàdàn fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Olóyè Adégòróyè gba ilé lọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ọn níwájú orí, kò sì kí Ìyá Ẹlẹ́ní mọ́. Ìyá Ẹlẹ́ní náà kò wá ìkíni rẹ̀. Síbẹ̀, Olóyè ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì kù nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbikíbi tí àwọn kan bá ti jókòó yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ká, tí wọ́n ń pinnu lé e lórí láìpè é sí i, òun náà ni àwọn àgbà fi ń lé wọn dìde títí di òní, pé: a kì í fárí lẹ́yìn olórí.