Mọ́tò Jámánì Fágbèmí àti Ẹnu Láwùyì

Gbogbo wa la mọ̀ pé onílara kì í fẹ́ kí ọjà ẹlòmíràn tà. Kí ló wá dé tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò fi ń sọ pé, "Ẹnu onílara ní í bá ọlọ́jà polówó"? Àwọn ará Agbède ní àwọn ló ni òwe yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ aláṣọ kan ló bí i. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, Òkè-Ìrókò ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bó ṣe lọ nìyí.

Láwùyì, tó ń la pákó tà lójú ọ̀nà odò, kò tòṣì. Ó níyàwó, ó bímọ, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń ta á lójú bí ata: mọ́tò Fágbèmí.

Mọ́tò Jámánì ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe fún eré sísá. Ó balẹ̀, ó sì gùn níwájú bí ajá ọdẹ tó fẹ́ ta mọ́ ẹran. Òyìnbó tó wá la títì ìlú náà ló gbé e wá. Nígbà tí òyìnbó ń padà lọ sílé, Láwùyì àti Fágbèmí jọ lọ bá a pé àwọn fẹ́ rà á. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n nígbà náà. Òyìnbó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó ní Fágbèmí ni òun máa tà á fún. Kò sọ ìdí. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni àwọn méjèèjì ti di "ẹ káàárọ̀" lásán.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Láwùyì ra mọ́tò lọ́tùn-ún, ó rà lósì, gbogbo wọn dípẹtà. Ti Fágbèmí kò yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí Fágbèmí bá ti ṣáná sí i, Láwùyì á yíjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó tún ti ń lọ fi hàn wá."

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mojí, a sì máa fi í rẹ́rìn-ín: "Mọ́tò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ń bá Ọlọ́run jà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tó yá, ojú Fágbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Ó pinnu láti tà á, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sára pátákó, kò sì fi lé alágbàtà lọ́wọ́. Ó ní ohun tí òun gbé bí ẹyin, òun ò ní kiri rẹ̀ bí àkàrà.

Nígbà tí Láwùyì gbọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. Mọ́tò náà máa di tirẹ̀ wàyí! Àmọ́, ṣé òun Láwùyì ló máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Fágbèmí bí ẹni tó wá fọnná? Ó pète. Òun yóò ba mọ́tò náà jẹ́ lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá sẹ́ni tó yà á wò, Fágbèmí fúnra rẹ̀ ni yóò wá bẹ òun pé kí òun gbé e kúrò nílẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ Múfú tó ń lẹ táyà ní oríta lọ, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń jókòó. Dìẹ́kọ́lá, àbúrò Ìyá Mojí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàdúná dé, wà níbẹ̀.

"Wọ́n ní Fágbèmí fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀," ni Múfú wí.

"Ìyẹn náà ni mọ́tò?" Láwùyì pòṣé. "Ẹrú ni ẹni tó bá rà á yóò dà. Aṣọ ọ̀tọ̀ ni Fágbèmí fi ń nu gíláàsì rẹ̀, ọ̀tọ̀ ló fi ń nu ara mọ́tò. Bí òjò bá ṣú, kò ní gbé e jáde. Bó bá rí kòtò lọ́nà, á sọ̀ kalẹ̀, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọn kòtò náà wò. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú rẹ̀! Ṣé mọ́tò nìyẹn àbí òrìṣà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Múfú ní, "Mo tiẹ̀ gbọ́ pé ó ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀."

Láwùyì fò dìde. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èyí tó bá a wá láti ọ̀dọ̀ òyìnbó náà ló wà níbẹ̀! Mo mọ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi. Ẹrù ì báà kún inú rẹ̀, tó bá ń gun òkè, kò ní kùn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn!"

"Ẹ rọra o, Bàbá Mojí," ni Múfú wí, "ìtọ́ yín ń tà sí mi lára."

Dìẹ́kọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì lọ.

Ní Òkè-Ìrókò, ẹni tó bá ra ohun ńlá kò ní lò ó títí yóò fi gbé e dé iwájú àgbà ẹbí kan, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó sì wúre sí i. Àgbà náà kò gbọdọ̀ kọ̀. Bó bá kọ̀, àjálù yòówù tó bá dé bá nǹkan náà, ọrùn rẹ̀ ló wà. Bàbá Dìẹ́kọ́lá sì ti kú; ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kù tó lè pè ní àgbà.

Bó ṣe di pé mọ́tò Jámánì náà yà wọ ojúde Láwùyì láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Dìẹ́kọ́lá ló ń wà á, Fágbèmí sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Mojí ti ń jó kí wọ́n tó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni bàbá mi," ni Dìẹ́kọ́lá wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ wá wúre sí i."

Láwùyì sún mọ́ ọn. Àna ni, kò ṣeé lé. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú mọ́tò náà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí yóò fọwọ́ kàn án. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kò ní pa yín," ló wí lábẹ́ ohùn.

"Ẹ gbóhùn sókè, bàbá! A ò gbọ́ o!" Ìyá Mojí ń pariwo.

"Kò ní pa yín!"

"Àmín!"

"Kò... kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ̀."

Àmín ti Fágbèmí ló ròkè jù.

Láwùyì fa Dìẹ́kọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló sọ fún ọ pé mọ́tò yìí dára?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Èmi tí mo bú u?"

"Ẹ bú u lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èébú yẹn, mi ò gbọ́ àléébù kan."

Fágbèmí kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. "Láwùyì, mo dúpẹ́," ló wí. "Èmi ò kiri ọjà mi. Ẹnu rẹ ló bá mi polówó."

Títí Láwùyì fi kú, kò gbà pé òun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ṣùgbọ́n òun ni. Ẹni tó ń jowú nǹkan kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó mọ dáadáa rẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ, bó bá sì la ẹnu láti bú u, ohun tó mọ̀ ni yóò jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ lónìí pé, ẹnu onílara ní í bá ọlọ́jà polówó.